Behringer XR18 nínú ìsìn: ṣé ọ̀rọ̀ orin máa yọ lábẹ́ ìlù àti kíbọ́ọ̀dù?

Ká ti orí ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Mísà Behringer XR18 (mixer, ẹ̀rọ tó ń po ohùn máìkì àti ohun èlò pọ̀) lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin wọ ìjọ létí ketekete, yálà orin ìsìn pẹ̀lú dùùrù lẹ yàn láàyò ni o, tàbí ẹgbẹ́ olórin tó ní ìlù sẹ́ẹ̀tì, gìtá báàsì àti kíbọ́ọ̀dù méjì. Ṣùgbọ́n ìjọ tó bá ti to orin rẹ̀ sílẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ ló máa jẹ adùn rẹ̀ jù. Níbi tí aṣíwájú orin ti máa ń já wọ orin tí ẹnikẹ́ni ò retí, tí ìlù á gbà á lọ́gán, tí orin á sì máa wọnú orin, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti máa ń fà sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ò le: kò ní fader kankan, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fà sókè sódò láti yí ìwọ̀n ohùn, tí ọwọ́ lè dì mú.

Àpótí lásán ni. Ihò máìkì 16 ló ní, ilé iṣẹ́ Midas ló sì ṣètò preamp (ohun tó ń gbé ohùn máìkì sókè) gbogbo wọn. Ihò jack méjì míì wà fún channel (ọ̀nà ohùn) 17 àti 18. Ọ̀nà àbájáde Aux mẹ́fà wà fún sípíkà àwọn olórin, òsì àti ọ̀tún sì wà fún sípíkà ìjọ. Effect mẹ́rin (bíi reverb, ìró tó ń pẹ́ bíi ti gbọ̀ngàn ńlá, àti delay, ohùn tó ń tún ara rẹ̀ sọ) lè ṣiṣẹ́ pa pọ̀ nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yí ohùn hẹ́díífóònù, gbogbo nǹkan yòókù dọwọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú áàpù X AIR tí wọn ò gbowó lé.

Àwọn tó ń yẹ mísà wò sábà máa ń pẹ́ lórí bí preamp ṣe mọ́ tó. Preamp eléyìí mọ́, ó tó fún ilé ìjọsìn, ó parí. Ìbéèrè tó kan ìjọ yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹni tó jókòó sẹ́yìn, tí kò gbọ́ orin yẹn rí, ṣé ó lè sọ ohun tí ẹsẹ kejì wí? Pọ́ọ̀lù fi ohun èlò orin ṣàkàwé irú ọ̀rọ̀ yìí nínú 1 Kọ́ríńtì 14:7-8, pé bí fèrè tàbí háàpù ò bá fi ìyàtọ̀ sí ohùn wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí wọ́n ń fun, bí ìpè ogun ò bá sì dájú, kò sẹ́ni tó máa múra. Kò ní kí wọ́n gbé fèrè jù sílẹ̀ o. Ó ní kó dájú ni.

Ọ̀nà kan wà láti dán an wò tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ ìdánrawò, ẹ mú ẹnì kan tí kì í ṣe akọrin, kó jókòó sí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ̀ngàn láti iwájú, kí ẹgbẹ́ olórin kọ orin tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ nínú ìsìn gan-an, láìsí ọ̀rọ̀ lójú ògiri. Kó máa kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Bí orin bá ní ìlà mẹ́jọ, tó jẹ́ mẹ́ta péré ló rí kọ, ẹ má tíì sáré gbé ohùn akọrin sókè. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọnù

Ohùn èèyàn ní apá méjì tó kàn wá. Fáwẹ́lì ló ń gbé agbára ohùn, púpọ̀ nínú agbára yẹn ò sì kọjá 1 kHz (1000 Hz; Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí). Kọ́ńsónáǹtì bíi s, ṣ, f, t àti k ló ń jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì, tiwọn sì wà láàárín nǹkan bíi 2 kHz sí 8 kHz. Àgbègbè yẹn kan náà ni símbálì, gìtá tó ń han àti kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n yàn sí ohùn dùùrù títàn ń gbé. Ìdí nìyẹn tí gbígbé fader akọrin sókè kì í fi í sábà ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́: fáwẹ́lì á lágbára sí i, ìjọ á máa gbọ́ "aaa" àti "ooo", kọ́ńsónáǹtì á ṣì wà lábẹ́ símbálì.

Lórí XR18, gbogbo channel ló ní EQ apá mẹ́rin (ohun tó ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí sílẹ̀), pẹ̀lú low cut, tó ń gé ìró ìsàlẹ̀, lọ́tọ̀. Tí ẹ bá ṣí EQ náà, àwòrán RTA ọgọ́rùn-ún ìlà, tó ń fi agbára apá ohùn kọ̀ọ̀kan hàn, máa ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè fi ojú rí ibi tí ohùn méjì ti ń jà. Nǹkan tó wúlò nìyí fún ẹni tí etí rẹ̀ ò tíì mọ kHz. Ìtò tó ṣeé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rèé. Kí akọrin kọrin bó ṣe máa kọ ọ́ gan-an, kì í ṣe kó máa sọ "testing", kí ẹ gbé gain (agbára tí ohùn fi ń wọlé) dé ibi tí mítà á ti máa wà lágbègbè −18 dB (dB ni ìwọ̀n agbára ohùn), tí ìgbà tó bá pariwo jù á sì kàn máa kan −10. Low cut sí 100 Hz fún ọkùnrin, 120 sí 150 Hz fún obìnrin. Bí ohùn bá dún bí ẹni fi aṣọ bo ẹnu, ẹ dín 250 sí 400 Hz kù ní 2 sí 4 dB.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ló kàn. Wọ́n á gbé 3 kHz ohùn akọrin sókè ní 6 dB, ohùn á di ohun tó ń gún etí, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ẹ fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ lọ sí channel kíbọ́ọ̀dù àti gìtá, kí ẹ gé nǹkan bíi 3 dB kúrò ní 2.5 sí 3 kHz, kó fẹ̀ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù dín, ọ̀rọ̀ á sì yọ.

Compressor ohùn, tó ń dín ohùn tó bá pariwo jù kù: ratio (ìwọ̀n ìdínkù) 3:1, attack (bó ṣe yára mú ohùn) 10 sí 20 ms, release (bó ṣe yára fi í sílẹ̀) 100 sí 150 ms (ẹgbẹ̀rún ms ni ìṣẹ́jú-àáyá kan), kí mítà ìdínkù máa fi 3 sí 6 dB hàn ní ìlà orin tó lágbára jù. Tó bá ti ń fi 10 dB hàn, ariwo ìlù tó ń gba inú máìkì wọlé ni compressor ń gbé sókè nígbàkigbà tí akọrin bá mí. Òun náà ló máa ń fa pé kí sípíkà han nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Ducker: ohun tó mú wa fẹ́ràn mísà yìí jù

Gate (ohun tó ń pa ohùn tó bá kéré jù) tó wà lórí channel kọ̀ọ̀kan lè di ducker, ìyẹn ni pé ohùn kan lè máa sọ òmíràn kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún ìsìn, kò sí nǹkan míì lórí ẹ̀rọ yìí tó dáhùn ìjà ara orin àti ọ̀rọ̀ tó èyí. Ẹ lọ sí channel kíbọ́ọ̀dù, ẹ ṣí ojú ewé Gate, ẹ yí mode sí DUCK, kí ẹ fi channel aṣíwájú orin ṣe key source, ìyẹn ohùn tó ń pàṣẹ fún un. Range (iye tó máa lọ sísàlẹ̀) 6 dB, attack 20 ms, hold (bó ṣe máa pẹ́ níbẹ̀ tó) 500 ms, release 1000 ms. Threshold, ìwọ̀n ohùn tó máa ru ducker sókè, ni ẹ máa fi etí wá: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní −35 dB, kí ẹ máa gbé e títí tí ìlù tó ń jò wọ máìkì ò fi ní í ru ducker sókè mọ́, tí ohùn aṣíwájú nìkan á fi máa rù ú. Bí ó bá gbàdúrà lórí orin, kíbọ́ọ̀dù á rọra lọ sísàlẹ̀. Tó bá dákẹ́, kíbọ́ọ̀dù á padà gòkè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ó ní bó ṣe ń bàjẹ́ o. Tí range bá tó 12 dB, ìjọ á gbọ́ ọ bí orin ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ojú wọn á sì kúrò lórí àdúrà. Tí release bá kúrú, bíi 100 ms, orin á máa fò sókè láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Èyí tó burú jù ni kí aṣíwájú di máìkì rẹ̀ mú níwájú ìlù sẹ́ẹ̀tì: snare (ìlù tó ń dún ta nínú sẹ́ẹ̀tì) ló máa ń ru ducker sókè nígbà náà, kíbọ́ọ̀dù á máa ṣubú ní gbogbo ìlù kejì àti ìkẹrin. Key filter wà nínú Gate náà, ẹ tàn án, kí ẹ gbé e sí agbègbè tí ohùn aṣíwájú ti lágbára ju snare lọ. Kí aṣíwájú sún kúrò níwájú ìlù dára jù ú lọ.

Kíbọ́ọ̀dù àti gìtá nìkan ni kí ẹ fi sí. Ìlù àti báàsì ló ń di ìṣísẹ̀ orin mú, tí wọ́n bá ń lọ sókè sódò, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ á ṣubú kúrò lórí ìlù. Tó bá sì jẹ́ pé dùùrù kan ṣoṣo ló ń gbé orin ìsìn tí gbogbo ìjọ ń kọ, ẹ pa ducker pátá, nítorí ohùn aṣíwájú ò ní dákẹ́ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, dùùrù á kàn wà nísàlẹ̀ títí orin á fi parí.

Reverb, àti ilé tí orin wà

Reverb inú XR18 dára ju ohun tí ìjọ kékeré nílò lọ, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nǹkan tí a máa ń gbọ́ jù nínú ìsìn ni pé orin á parí, aṣíwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tàbí kó ka ẹsẹ Bíbélì, reverb àti delay á ṣì wà lórí ohùn rẹ̀. Gbogbo "Olúwa" á máa dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. XR18 ní mute group mẹ́rin, ìyẹn bọ́tìnì kan tó ń pa ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọ̀kan fún effect, kí ó máa wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo. Kí ẹ sì kíyè sí èyí: FX send (ohùn tó ń lọ sínú effect) ni kí ẹ fi sínú mute group, ẹ má fi FX return (ohùn tó ń ti inú effect bọ̀) síbẹ̀. Tí ẹ bá pa return, ìrù ohùn á já lójijì bí ìgbà tí wáyà yọ. Tí ẹ bá pa send, ohun tó ti wọlé á rọra kú, ọ̀rọ̀ tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ ní gbígbẹ.

Fún orin tó ń yára, decay (bí reverb ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú) 1.2 ìṣẹ́jú-àáyá tó. Fún orin tó ń falẹ̀, 2 ìṣẹ́jú-àáyá. Pre-delay 30 sí 60 ms ń jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì kọjá kí reverb tó dé. Delay yẹ kó bá ìṣísẹ̀ orin mu: ẹ pín 60,000 sí BPM (iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan). Ní 72 BPM, ìlù kan jẹ́ 833 ms, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 417.

Ṣùgbọ́n ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo kí ẹ tó tan reverb kankan. Bí ìró yẹn bá gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó kú, ilé yín ti ní reverb tirẹ̀. Orin tó ń lọ ní 130 BPM máa ń lu ìlù kan láàárín nǹkan bíi 462 ms, ìyẹn ni pé ìlù mẹ́rin á ti gun ara wọn kí èkíní tó kú. Kò sí mísà tó lè tú u. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, orin ìsìn tí chord rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú dùùrù àti ohùn ìjọ, á dún bí ẹni pé wọ́n kọ́ ilé náà fún un, nígbà tí orin oníjó pẹ̀lú ìlù sẹ́ẹ̀tì á di àdàlù. Ibi tí ohùn ti ń kú kíákíá, bí ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí kó má tó o, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìlù á dùn, àwọn akọrin sì máa ń ní ohùn àwọn gbẹ, wọ́n fẹ́ reverb. Ilé máa ń dá sí ọ̀rọ̀ irú orin tó yẹ ìjọ ju bí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ orin ṣe fẹ́ gbà lọ.

Ojú fader tí kò sí

Ẹ ronú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orin bá yí lójijì. Lórí mísà tó ní fader, ọwọ́ òsì wà lórí ìlù, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí ohùn, ojú wà lórí pèpéle. Lórí XR18, ẹ ní láti wo tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fa ojú ewé títí kan channel tí ẹ ń wá, kí ẹ fọwọ́ kan án, kí ẹ gbé e. Ìgbà tí ẹ máa ṣe é tán, akọrin tí máìkì rẹ̀ wà ní pípa ti kọ ìlà méjì. Ìka méjì lè gbé fader méjì pọ̀ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n gíláàsì ò ní jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ìka wà láìwò ó.

Ohun tó dín ìyà náà kù jù ni DCA, fader kan tó ń darí channel púpọ̀ pọ̀. Mẹ́rin ló wà. Ẹ kó gbogbo ohùn akọrin sínú èkíní, kíbọ́ọ̀dù àti gìtá sínú èkejì, ìlù àti báàsì sínú ìkẹta, máìkì ìwàásù àti ti àwọn tó ń ka Bíbélì sínú ìkẹrin. Kí ojú ewé DCA yìí ṣí sílẹ̀ látìgbà tí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀. Tí nǹkan bá yí lójijì, fader mẹ́rin péré lẹ ní láti ronú lé, ìkẹta ló sì máa ń nílò kí ẹ fà á wálẹ̀ jù. Ẹlòmíì ni kó di tábúlẹ́ẹ̀tì kejì mú fún sípíkà àwọn olórin. Ẹni tó ń to ohùn fún ìjọ kò gbọdọ̀ máa fi ojú ewé DCA sílẹ̀ nítorí pé onígìtá fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀.

Àyè snapshot 64 (ètò mísà tí ẹ fi pamọ́ láti pè padà) wà nínú ẹ̀rọ náà, ìjọ tó ń to orin sílẹ̀ lè ṣe ọ̀kan fún orin ìsìn, ọ̀kan fún ìyìn, ọ̀kan fún ìwàásù. Ẹ ṣọ́ra fún Scope o. Bí ẹ ò bá yan ohun tí snapshot lè fọwọ́ kàn, yóò dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ fi í pamọ́, títí kan máìkì pásítọ̀ tí ẹ pa lọ́jọ́ yẹn. Kí gain àti gbogbo Aux wà lẹ́yìn odi Scope. Fader, mute àti FX send nìkan ni kó máa yí, kí channel pásítọ̀ sì wà lẹ́yìn odi náà pẹ̀lú.

Bí ìjọ yín bá ń kọrin bí ẹ̀mí ṣe darí, tí ẹ sì ti ra XR18, X-Touch ti Behringer kan náà lè bá a sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fader mẹ́sàn-án tó ń rìn fúnra wọn ló ní. Ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó tún jẹ́ àpótí kejì tí ẹ máa rà, kí ẹ sì ti rò ó mọ́ iye tó máa ná yín kí ẹ tó sọ pé XR18 pọ́ọ́kú.

Wi-Fi inú rẹ̀

Ẹ má lò ó fún ìsìn. 2.4 GHz ni, nígbà tí gbọ̀ngàn bá sì kún fún fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì á já kúrò lórí rẹ̀. Rúta tí ó ní 5 GHz ni kí ẹ fi wáyà so mọ́ ihò Ethernet rẹ̀, kí ẹ gbé rúta náà sókè ju orí èèyàn lọ, nítorí ara èèyàn máa ń gbé agbára 5 GHz mì. Kí ẹ sì so kọ̀ǹpútà kan mọ́ rúta náà pẹ̀lú wáyà, tí X AIR Edit ti ṣí lórí rẹ̀. Nǹkan rere kan: bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá já, ohùn ò ní dákẹ́, mísà á máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀.

Ariwo tí kò gba inú mísà kọjá

Ìlù sẹ́ẹ̀tì tí kò ní máìkì kankan lè kọjá 100 dB lẹ́bàá ẹni tó ń lù ú. Nínú gbọ̀ngàn kékeré, ìyẹn ni ìjọ ń gbọ́, fader ìlù ì báà wà ní ilẹ̀ pátápátá. Kí ohùn tó lè yọ lókè rẹ̀, ẹ ní láti gbé e ga tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ilé á fi máa ro etí. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìwádìí ìlera òṣìṣẹ́, fi 85 dBA fún wákàtí mẹ́jọ ṣe ààlà fún òṣìṣẹ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì fi 3 dB lé, àkókò á dín sí ìdajì. Ní 94 dBA, wákàtí kan péré ló kù, ẹgbẹ́ akọrin tó wà níwájú ìlù sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ọ̀pá ìlù tó fẹ́ẹ́rẹ́, símbálì tó tinrin, tàbí ìlù oníná tí ẹ so mọ́ channel méjì, wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ orin lóore ju EQ èyíkéyìí lọ.

Sípíkà àwọn olórin ló tẹ̀ lé e. Aux mẹ́fà dára fún ẹgbẹ́ kékeré. XR18 tún ní Ultranet, tó ń gbé channel mẹ́rìndínlógún lọ sí àpótí P16, kí olórin kọ̀ọ̀kan máa to ohun tó ń gbọ́ nínú hẹ́díífóònù fúnra rẹ̀. Bí sípíkà ilẹ̀ bá dín, ohùn pèpéle á dín, ohùn tó ń padà wọ máìkì á dín. Ẹ rántí pé ìgbà kọ̀ọ̀kan tí iye máìkì tó ṣí bá di ìlọ́po méjì, ẹ pàdánù nǹkan bíi 3 dB kí sípíkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í han. Akọrin mẹ́jọ tí máìkì mẹ́jọ wà lọ́wọ́ wọn máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn burú ju akọrin mẹ́jọ tó pín máìkì mẹ́ta. Ẹni tó gbé máìkì kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 láti ẹnu sì ti sọ 6 dB nù, ìwọ̀n kan náà tí ducker ń ṣiṣẹ́ fún.

Ohun tí kò sí nínú àpótí kankan

Kíì orin, ìyẹn ibi tí ẹ ti mú ohùn orin. Ohùn ìjọ tí kì í ṣe akọrin sábà máa ń gbádùn láti A tó wà nísàlẹ̀ C àárín dé D tó wà lókè. Akọrin tí ohùn rẹ̀ ga á yan kíì tó bá a mu, òkè orin á kan F, ìjọ á dákẹ́, wọn á máa wo ó. Ẹ sọ orin náà kalẹ̀ ní ohùn kan ààbọ̀ tàbí méjì. Ìyẹn ló máa ń mú kí ìjọ kọrin padà, kì í ṣe iná orí pèpéle.

Ìyára. Sílébù méjì lórí ìlù kan ní 140 BPM jẹ́ 280 láàárín ìṣẹ́jú kan, mẹ́rin ó lé díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Orin tí ìjọ ti mọ̀ lórí á la èyí já. Orin tuntun tí ẹ̀kọ́ kún inú rẹ̀ kò ní là á já; wọ́n á gbọ́ ègbè nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 100 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìtò ohun èlò. Kíbọ́ọ̀dù méjì tó ń tẹ chord kíkún ní octave kan náà ló máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí a ti kà sókè yìí, títún un ṣe kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kí ọ̀kan máa tẹ òkè nìkan, tàbí kó dákẹ́ ní ẹsẹ, kó wọlé ní ègbè. Ẹsẹ kìíní pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kan àti báàsì, ìlù á wọlé ní ègbè: ìjọ á gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ara tó gbóná. Bí ẹni tó wà nídìí mísà bá ń fa ìlù wálẹ̀ ní gbogbo ẹsẹ, aṣáájú ẹgbẹ́ olórin ni kí wọ́n lọ bá sọ̀rọ̀.

Ìsìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ẹni tó yẹ kó rà á

Ẹ má fi ohùn òsì àti ọ̀tún gbọ̀ngàn ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ilé kékeré, ìlù ò sí nínú rẹ̀ nítorí ó ti pariwo tó fúnra rẹ̀, ẹni tó wà nílé á máa gbọ́ ohùn akọrin gbígbẹ tí ìjọ ò dáhùn. Ẹ so Aux 5 àti 6 pọ̀ fún un, post-fader (kó máa tẹ̀ lé fader), kí ẹ fi máìkì méjì kọjú sí ìjọ, tí kò ní lọ sí sípíkà gbọ̀ngàn rárá. Aux mẹ́rin ló kù fún pèpéle, ẹ wò ó bóyá ó tó. XR18 kò ní ihò tí ẹ lè ki fílásì bọ̀ láti gba ohùn sílẹ̀ bíi ti àwọn àbúrò rẹ̀, XR12 àti XR16. Wáyà USB rẹ̀ ń gbé channel méjìdínlógún lọ sí kọ̀ǹpútà, méjìdínlógún bọ̀, èyí tó dára jù fún ẹni tó fẹ́ tún orin tò lẹ́yìn ìsìn, tó sì jẹ́ ìdíwọ́ fún ẹni tó kàn fẹ́ gba ìwàásù sílẹ̀.

Ìjọ tó ní dùùrù, akọrin mẹ́rin àti máìkì ìwàásù, XR16 lè tó yín, preamp mẹ́jọ ló ní. Ìjọ tí ètò orin rẹ̀ wà lórí ìwé lálẹ́ Sátidé, tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ò kọjá channel 16, kó ra XR18 pẹ̀lú rúta. Ìjọ tí orin rẹ̀ ń ṣàn láìsí ìwé, kó wo X32 Compact, mísà Behringer míì, preamp 16 kan náà, fader 17 tó ṣeé dì mú. Ó tóbi, ó wúwo, ẹ ní láti wá àyè fún un nínú gbọ̀ngàn níbi tí ẹni tó ń lò ó á ti máa gbọ́ ohun tí ìjọ ń gbọ́, kì í ṣe nínú yàrá onígíláàsì lẹ́yìn.